Ìdúpẹ́ mi fún oṣù méje tí ìjọ wa fi pín sí méjì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ akápò ìjọ wa ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta níhìn-ín, kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ìgbìmọ̀. N kò wá láti ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló jókòó síbí, a sì ti jẹ, a ti mu pọ̀ láti ìgbà náà. Ohun tó mú mi bẹ Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, pé kí wọ́n fún mi láyè ni pé àwọn kan ń kí mi kú oríire pé Ọlọ́run dá mi láre, bẹ́ẹ̀ ìdáláre kọ́ ni olórí ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́.

Òrùlé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Páànù àtijọ́ ti dípẹtà, òjò a sì máa rọ̀ sórí àga àwọn akọrin, ni a bá dáwó jọ láti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a ra pákó àti páànù tán, ẹnìkan bi mí ní ìpàdé pé owó tó kù dà. Mo dáhùn, ìdáhùn mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti pákó, ó ti di pé èmi àti Fíkà la jọ pín owó Ọlọ́run. Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ ń sìn nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa. Wọn kò ní agogo, nítorí náà wọ́n so wíìlì ọkọ̀ àtijọ́ kan mọ́ ẹ̀ka igi mángòrò, irin ni wọ́n fi ń lù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí agogo tiwa bá ti ń dákẹ́ ni wíìlì yóò gbà á. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wà lára àwọn tó ń lọ síbi wíìlì.

Àwọn àgbà ilé wa kò jẹ́ kí a gbàgbé Ìfọ́lé oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí wọ́n kó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Abẹ́òkúta lẹ́rù, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde nílùú, tí ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sì ṣí wá sí Èkó, tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta yìí kan náà. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó pé bí wàhálà bá dé bá ìjọ lójú ayé mi, èmi náà yóò lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pè mí ní olè, èmi ni ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀. N kò mọ bí a ti ń gbàdúrà lórí irú èyí.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò ní ìgbàgbọ́ kan tí mo lè fi yangàn. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kọrin, ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ẹjọ́ ni mo ń rò: ohun tí n óò sọ, ohun tí wọn yóò fi fèsì, bí n óò ṣe dá a padà fún wọn. Nígbà míì, n óò ti rojọ́ títí tí àwọn oníbúrẹ́dì yóò fi máa polówó. Mo ti gba nọ́ńbà lọ́yà pàápàá.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Ìjọ wá kí mi, àwọn tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọn kò dá sí ọ̀rọ̀ owó rárá. Wọ́n ní kí n ka ìparí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15 sí àwọn létí, nítorí ojú àwọn kò gbé ìwé mọ́. Mo kà á, bí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ṣe jà nítorí Máàkù, tí kálukú wọn fi gba ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n ní kí n tún ṣí Tímótì Kejì orí 4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú Máàkù yẹn kan náà wá fún òun. Bàbá bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló wá jàre nínú ìjà yẹn?" Mo wá a nínú Bíbélì, n kò rí i. Wọ́n ní, "Èmi náà ti wá a tipẹ́." Wọ́n mu omi, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi bí ìṣe mi, mo sì rí i pé n kò mọ ẹni tí mo ń rò ó fún mọ́. Mo sùn. Ẹ̀yin ará, oorun yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ìwé wò, orúkọ mi ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wíìlì ṣì ń dún, mo sì sùn di àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àlàáfíà tó ju òye lọ nínú ìwé Fílípì, n kò sì fi í ṣe nǹkan kan pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ọ́.

Ní oṣù keje, àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù rán fi ọjọ́ mẹ́ta yẹ ìwé owó mi wò, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ báńkì. Gbogbo rẹ̀ ló pé, àfi ₦4,500. Owó àwọn alárù tó já pákó lóru ni, mo san án láìgba rìsíìtì, mo sì gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́wọ́ rẹ̀, mo sì dá a padà láti inú àpò mi. Bí ó bá ṣe pé ní oṣù kejì ìjà náà ni, n kì bá jẹ́wọ́ náírà kan ṣoṣo.

Àwọn ará ibi wíìlì padà wá, bí kò tilẹ̀ ṣe gbogbo wọn; ìdílé mẹ́rin ti fìdí kalẹ̀ sí ibòmíràn, a ṣì ń kí ara wa. Àbúrò mi kò sọ pé kí n má bínú, èmi náà kò sì bi í ní nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ló wọlé, ó fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá mi ṣa ẹ̀wà.

Òun náà ló dúró tì mí yìí. Owó ìdúpẹ́ wa rèé, òun ló kà á. Mo bẹ akápò wa tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì já rìsíìtì fún wa.