Orúkọ Wa Kò Ní Sàtánì Nínú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sójú pátákó: AKISATAN. Mi ò fi àmì kankan sí i. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kà á sókè bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ohùn tẹ ìdí ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú padà wo pátákó. Lẹ́tà márùn-ún tó gbẹ̀yìn jókòó síbẹ̀ bí onílé: S, A, T, A, N.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Ọmọ Sàtánì. Mo ti bá ènìyàn méjì jà nítorí rẹ̀, mo sì na ọ̀kan. Ohun tó ká mi lára lọ́jọ́ náà ni pé mo ti dàgbà, mo ti gboyè jáde, síbẹ̀ mo dúró gbagidi níwájú ọmọ ọdún méjìlá, mi ò mọ èwo ni kí n sọ.

Àkísàtán ni orúkọ náà. Àkísà ti tán nílé. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú yóò ti mọ̀ pé orúkọ àbíkú ni, pé òbí kan ló ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀: aṣọ gbígbó tí a fi ń di òkú yín sin ti tán, bí ìwọ náà bá lọ, a ò rí nǹkan fi dì ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Málọmọ́ ń bẹ̀bẹ̀. Dúrójayé ń fi adùn ayé fa ojú ọmọ mọ́ra. Dúrósinmí ń ro ti ọjọ́ tí òbí fúnra rẹ̀ yóò kú. Kòsọ́kọ́ ní kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Kòsọ́kọ́ ló sún mọ́ tiwa jù, nítorí bí ọ̀kan ṣe ń sọ pé irinṣẹ́ ò sí ni èkejì ń sọ pé aṣọ ò sí.

Àmọ́ ẹ wo bí ayé ṣe ṣe wọ́n. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ jọba Èkó ní 1845, ó sì wà lórí oyè títí di ìparí 1851 tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lé e kúrò, tó padà lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Lónìí, ta ló ń ronú kan sàréè tó bá gbọ́ Kòsọ́kọ́? Ilé ọba ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ. Adé ti bo ọkọ́ mọ́lẹ̀. Àkísà tiwa kò rí nǹkan kan bò ó.

Bàbá bàbá mi ló ń jẹ́ Àkísàtán, òun nìkan ló sì ń jẹ́ ẹ. Bàbá tirẹ̀ ń jẹ́ Ògúndélé. Láyé wọn, kò sẹ́ni tó ń gbé orúkọ bàbá rẹ̀ ka ẹ̀yìn tirẹ̀ kiri. Bí o bá fẹ́ mọ ilé tí ènìyàn ti wá, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ni wàá béèrè, tàbí kí o wo ilà ojú rẹ̀. Ìwé ìrìbọmi, ìwé owó orí àti rẹ́jísítà iléèwé ló kó orúkọ ìdílé wọ àárín wa, tiwa sì gba ọ̀dọ̀ rẹ́jísítà wọlé. Ní Oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn tó tò síwájú tábìlì tísà. Kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ọwọ́ náà kan etí òsì, ó bá di ọmọ ọdún mẹ́fà lójú ẹsẹ̀. Tísà wá bi í pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ìyẹn ni pé orúkọ ìdílé wa, tí àwọn kan rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ti wọ iléèwé ìjọ ṣáájú ìgbà yẹn ní tirẹ̀, orúkọ bàbá àgbà wọn ló sì fi sílẹ̀: Ògúndélé. Ìyá kan, bàbá kan, orúkọ ìdílé méjì. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn ń jẹ́ Ògúndélé títí dòní, bí o bá sì pe Ògúndélé láàárín ọjà, ogún ènìyàn ni yóò dáhùn tí wọn ò bá wa tan. Ẹni tó bá ń fi orúkọ nìkan wá ẹbí wa yóò sọ ìdajì nù, yóò sì kó àlejò wọlé.

Ẹni tó mọ ìtàn náà jù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtòkò nítorí àdúgbò tí ilé ọkọ wọn wà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wọn ni wọ́n dàgbà sí, ìyẹn obìnrin tí àkísà tán lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Mo lọ bá wọn lọ́dún tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí wọn (bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, orókún mi ló ń dùn mí), mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó ló lọ kí Bàbá tó dé?"

"Márùn-ún."

"Ẹ mọ orúkọ wọn?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá wọ́n mọ orúkọ ara wọn. "Àkọ́kọ́, Ògúnbíyìí. Èkejì, Málọmọ́. Ẹ̀kẹta, Dúrójayé, òun ni ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ó rẹwà jù. Ẹ̀kẹrin ò lórúkọ, obìnrin ni, kò pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀karùn-ún, Kòkúmọ́. Ìyẹn ti ń jíṣẹ́ kó tó lọ. Òun ló dùn wọ́n jù. Bàbá wa ló wá tẹ̀lé e."

Mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Nígbà tí mo délé ni mo tó kà wọ́n tẹ̀léra. Ọmọ àkọ́kọ́, wọ́n fi ìyìn Ògún kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ìtànjẹ. Lẹ́yìn ọmọ tí kò lórúkọ, wọ́n sọ̀rọ̀ bí aláṣẹ: kò kú mọ́. Ó kú. Orúkọ tó wá kàn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gàn ni. Màmá Ìtòkò ní aṣọ tó ya ni wọ́n ń wọ̀ fún un títí ó fi ń sáré, ṣaworo sì ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Nígbà tó dàgbà tó ṣèrìbọmi, ìjọ fún un ní Jékọ́ọ̀bù, ó gbà á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n yọ Àkísàtán. Ó ní bí ìyá òun bá gbọ́ pé òun ti bọ́ àkísà sílẹ̀, wọn yóò rò pé òun ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

Èmi ò gbà pé ẹgbẹ́ kan wà nídìí ìrókò tó ń pe ọmọ padà. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní AS ni mí. AS ni bàbá mi náà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò sì ní í mọ̀ bí a ò bá yẹ ẹ́ wò, nítorí ara AS le koko. Bí AS méjì bá fẹ́ra, lórí oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, ìyẹn alárùn foníkú-fọladìde tó gba S kan lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, ìdá kan pé yóò jẹ́ AA, ìdá méjì pé yóò jẹ́ AS. Ẹnikẹ́ni tó bá ta lúdò rí mọ̀ pé bíi dáìsì ni, lórí oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún un jù, pé ọmọ mẹ́ta léraléra lè bọ́ sí ibi tí kò dára.

Ohun tó wá gbé mi dìde lórí ìjókòó ni èyí: ní 1954, Anthony Allison fi hàn nínú ìwádìí tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í sábà lágbára lórí ọmọ AS bó ṣe ń lágbára lórí AA. Ẹ wá wo ilé kan ṣáájú ìgbà tí oògùn òyìnbó dé ibẹ̀. Foníkú-fọladìde ń mú SS lọ. Ibà ń dúró de AA. Ọmọ tí ẹgbẹ̀rún àìsàn mú tí kò lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ AS. Mo fẹ́ràn láti máa rò pé bàbá bàbá mi dúró nítorí pé ó gbé S kan ṣoṣo lọ́wọ́ bí apata, pé apata yẹn náà ló sì wà lára mi. Ti ọmọbìnrin tí kò pé ọjọ́ mẹ́jọ yẹn yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ SS gbé jáde láti inú oyún ṣì máa ń dáàbò bò ó fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí náà kì í ṣe S ló pa á. Ìdí ìwọ́ ni mo fura sí, níbi tí abẹ gbà.

Ìyàwó mi, AA. Bẹ́ẹ̀ ni, mo béèrè kí n tó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwa mélòó ló kù tó ń jẹ́ ẹ? Ètò ìkànìyàn 2006 kò lè sọ fún wa. Kò tilẹ̀ béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ pé kó to orúkọ. Amẹ́ríkà máa ń to tirẹ̀. Láti inú ìkànìyàn 2010 wọn, wọ́n gbé gbogbo orúkọ ìdílé tí ènìyàn 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ síta, ó jẹ́ orúkọ 162,253. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ènìyàn márùn-ún kò lè di 100, a ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà èmi fúnra mi kà wá, pẹ̀lú fóònù, WhatsApp àti Màmá Ìtòkò. Nínú ilé tiwa, pẹ̀lú àwọn ìyàwó, ènìyàn 41. Mo mọ̀ pé àwọn Àkísàtán mìíràn wà káàkiri. Mo pàdé ọ̀kan rí ní gbọ̀ngàn ìdánwò kan, a dì mọ́ra bí ọmọ ìyá tó ti sọnù, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó mọ̀ pé Èkìtì ni àwọn baba rẹ̀ ti wá àti pé a ò tan rárá. Ohun táwọn tó ń ṣèwádìí orúkọ nílẹ̀ ibòmíràn kò ní bá pàdé nìyẹn: wọ́n rí orúkọ tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní ẹnìkan ló dá a sílẹ̀. Orúkọ àbíkú kì í ní ẹnìkan. Ibikíbi tí àkísà bá ti tán, wọ́n lè dá a sílẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ.

Ní 1874, Francis Galton àti Henry Watson gbé ìṣirò kan jáde lórí bí orúkọ ìdílé ṣe ń kú. Mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ SS3 mi nígbà tí síílábọ́ọ̀sì bá ti parí. Bí iye ọmọkùnrin tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ń bí kò bá ju ẹyọ kan lọ tí a bá pín in dọ́gba, orúkọ náà yóò kú dandan, ìgbà tí yóò kú ló kù. Ìṣirò yìí dára, àmọ́ kò ka ìwé ìbúra kóòtù mọ́ ọn. Ọmọkùnrin kọ́ ló wọ́n wa.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kejì, ni pásítọ̀ rẹ̀ sọ fún pé àkísà ń fa òṣì, Sàtánì sì ń bẹ nídìí rẹ̀, pé orúkọ kan tó gbé ìjàǹbá méjì dání ni. Ẹ̀gbọ́n lọ sí kóòtù, ó búra, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe: èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa pè mí ní báyìí, gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì wúlò. Akintan ló yàn. Ó yọ Sà kúrò, ó fi n kan dí àlàfo. Ènìyàn méje kúrò láàárín wa lọ́jọ́ kan, kí n tó kà wá. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi ojú tí ẹ fi ka tàkísà ka èyí náà, akin ló tán?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì.

Mi ò bínú sí i dénú ṣá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń sunkún bọ̀ láti iléèwé lójoojúmọ́, mo sì mọ ẹkún yẹn. Tèmi, àmì ohùn ni mo sá di. Láti ọjọ́ pátákó yẹn, mi ò kọ orúkọ náà láìfi àmì sí i mọ́, lórí ìwé ìdánwò, lẹ́nu ọ̀nà ilé, lórí ímeèlì. Fi àmì sórí à, í, à, á, kò sẹ́ni tó máa rí Sàtánì mọ́. Ibi tó ti ń bà mí nínú jẹ́ ni ìwé ìrìnnà: ìlà méjì ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà kò gba lẹ́tà mìíràn ju A sí Z lọ, ibẹ̀ ni onílé yẹn ti ń padà wọlé.

Lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ. A ó ku 40. Mo bi í lórí fóònù bóyá yóò so tiwa mọ́ ti ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ka lẹ́tà tó wà nínú ti ọkọ mi ná, fọ́ọ̀mù báńkì ò gba méjèèjì." Mo kà á. Mẹ́rìnlá ni.