Omi ẹṣin nígbà òtútù Minnesota

Ẹ̀yin èèyàn mi, òtútù Minnesota níbí ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ o. Tó bá di Jánúárì ó lè lọ sílẹ̀ dé -25 tàbí -30 lórí ìwọ̀n Celsius. Oko ẹṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun táwọn ará ilé sì máa ń bi mí lórí fóònù ni pé ṣé òtútù ò ní pa àwọn ẹṣin yẹn báyìí? Irun wọn máa ń nípọn nígbà òtútù, tí wọ́n bá ti rí koríko jẹ yó tí wọ́n sì ríbi sá sí fún atẹ́gùn, ara wọn á gbà á. Omi ni kẹ́ ẹ bá mi bẹ̀rù.

Ẹṣin ńlá kan á mu tó lítà 20 sí 40 lóòjọ́. Nígbà ooru, koríko tútù tí wọ́n ń jẹ ní pápá, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àmọ́ koríko gbígbẹ tá à ń kó fún wọn nígbà òtútù, omi inú ẹ̀ kì í sábà ju 15 nínú 100 lọ. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n mumi gan-an lomi ń dì, tí wọn ò bá sì mu tó, oúnjẹ á gbẹ mọ́ ìfun, á dí i pa, inú á wá máa run ẹṣin, á máa yíjú wo ìhà ẹ̀, á máa fẹsẹ̀ họ ilẹ̀, á dùbúlẹ̀ á tún dìde, kò sì lè bì. Ó ń pa wọ́n o.

Àwọn kan á ní ṣebí yìnyín (snow) wà nílẹ̀, kí wọ́n máa lá a. Ẹ bu yìnyín kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ yọ́ ọ lórí iná, ẹ wo ìwọ̀nba omi tó máa kù nídìí ẹ̀.

Híítà oníná la fi sínú táǹkì ńlá ti ìta, a sì ki wáyà ẹ̀ sínú páìpù torí ẹṣin á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti tán níbẹ̀, tí iná bá ń jò díẹ̀ sínú omi, ẹṣin á sún mọ́ ọn, á fi ètè kàn án, á fa orí sẹ́yìn fìrì, kò sì ní mu mọ́, ẹ̀yin á máa wo táǹkì tó kún ẹ ó rò pé kò síṣòro. Ẹ pa iná ẹ̀ látibi súìṣì kẹ́ ẹ pe oníná wá.

Tí NEPA tibí náà bá mú iná lọ (ó ń ṣẹlẹ̀ tí ìjì yìnyín bá jà), hámà la fi ń fọ́ omi tó bá dì nínú táǹkì. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ ẹ kó àwọn èérún ẹ̀ dà nù, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa léfòó, kíá ni gbogbo ẹ̀ á tún lẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ da omi gbígbóná lé e kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n máa ń mu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju èyí tó tutù nini lọ. Iyọ̀ díẹ̀ nínú oúnjẹ wọn náà ń mú òùngbẹ gbẹ wọ́n, ó kàn jẹ́ pé omi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún wọn.

Ní ti táàpù ìta, inú ilẹ̀ jíjìn níbi tí òtútù ò dé lohun tó ń ti omi wà, tẹ́ ẹ bá ti í tán omi tó kù nínú páìpù á sàn padà sísàlẹ̀. Ẹ yọ róbà tẹ́ ẹ fi ń fa omi kúrò lẹ́nu ẹ̀ ní gbogbo ìgbà jọ̀ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi ò ní lè sàn, á dì síbẹ̀, páìpù á sì bẹ́.

Láàárọ̀, kí n tó ṣe nǹkan kan, ìgbẹ́ wọn ni mo máa ń wò. Tó bá kéré, tó le, tó gbẹ, mo máa ń sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀ kó pe dókítà ẹran, a kì í dúró dọ̀sán.