Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí Ìyanu

Àbámẹ́ta, lálẹ́.

Wọ́n mú iná lọ ní nǹkan bí aago méje. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tún ṣí Iyanu, ìwé ìtàn alátàwòrán, láti ojú ewé àkọ́kọ́. Àbúrò mi ló fi ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yàwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Dark Horse sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2021. Ìtàn ọmọ òrukàn kan ni, tí kò rántí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọjọ́ tí agbára kan jí lára rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹranko igbó ti di abàmì, wọ́n sì ń dúnkokò mọ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Elu.

Àwọn àwòrán yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sáré kà á. Aṣọ, irun, ìlẹ̀kẹ̀: kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé ilé la wà. Ìjà pọ̀ jù fún mi ṣá. Ì bá wù mí kí wọ́n jókòó jẹun díẹ̀.

Àmọ́ Òyìnbó ló kún inú róbótó funfun tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ojú ń rí Yorùbá, etí ń gbọ́ Òyìnbó. Mi ò bá wọn jà, ibi tí ọjà wọn wà nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ṣe kàtúùnù tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n nínú àpótí bàbá mi, mo bá ìwé ìròyìn Atọ́ka nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé ṣe, Yorùbá pọ́ńbélé ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé orúkọ kò ní àmì ohùn. Àdùkẹ́ ọmọ mi ti ka ìwé kìíní tán, ó ń pe ọmọ náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nímú. Mo ní, "Ìyanu ni, bíi ti iṣẹ́ ìyanu." Ojú rẹ̀ là: "Họ́wù! Mọ́mì, ṣé ọ̀rọ̀ wa ni?"

Ni mo bá mú pẹ́ńsùlù. Mo sàmì sí Ìyanu lójú ewé mẹ́ta. Ó kan Elu: ṣé èlú táwọn aláró ń lò ni? Mo fò ó. Ó wá kan Olori, obìnrin tó tọ́ ọmọ náà dàgbà. Tó bá jẹ́ olorì, ààfin àti ọkọ tó jẹ́ ọba wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Tó bá jẹ́ olórí, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Àdùkẹ́ ní, "Mọ́mì, ẹ kọ ọ́ ná."

Mo gbé pẹ́ńsùlù dání títí iná fi dé.