Ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ ajá kan: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú láàbù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ láàbù, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ajá mẹ́fà ló kú kí n tó kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ikú méjì tó kẹ́yìn.

Ọdún kejì tí mo wọṣẹ́ ni. Bàbá kan tó ń sin ajá tà lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn wá bá wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kékeré lọ́wọ́, ó ti ta á ní kókó. Ó ní ajá òun mẹ́rin ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, wọ́n ń bì, ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà. Nígbà tó yá, ojú wọn àti èrìgì wọn pọ́n rúsúrúsú bíi ti ẹni tí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ń ṣe. Oúnjẹ tí òun ń rà ní ilé ìlọkà kan lòun fura sí, àgbàdo àti èérí ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Ó ní ẹ̀kúnwọ́ kan lòun bù wá yìí, ká bá òun wò ó bóyá májèlé wà níbẹ̀.

Ara mi yá sí i. Mo mọ ẹ̀rọ tí a fi ń wá májèlé lò dáadáa, àmì tí bàbá sì kà sílẹ̀ ti jẹ́ kí n gbà pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́, ohun tó sì sábà ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́ látinú oúnjẹ ni aflatoxin, májèlé tí olú kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus máa ń tú sínú àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa. Mo lọ ẹ̀kúnwọ́ náà kúnná, mo pò ó mọ́ methanol àti omi, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí aflatoxin nínú oúnjẹ yìí, mo buwọ́ lù ú. Bàbá dúpẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ sílé lọ máa bọ́ àwọn ajá tó kù bó ṣe ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá ló padà. Méjì mìíràn ti kú.

Màmá, ọ̀gá wa nígbà náà, kò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé: "Níbo ni wọ́n ti bù ú? Ṣé ibi tí àwọn ajá tó kú ti ń jẹun ni? Ṣé òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" N kò mọ ọ̀kankan. A bi bàbá. Ó ní dúrọ́ọ̀mù ńlá kan lòun máa ń da oúnjẹ sí, tó bá ti ń lọ sílẹ̀, òun á tún da àpò mìíràn lé e. Èyí tó bù wá fún wa, látinú àpò tuntun ni, àpò tí kò tíì dà sí dúrọ́ọ̀mù rárá. Ó ní ìyẹn ló mọ́, òun ò fẹ́ gbé ohun ìdọ̀tí wọ láàbù.

Ẹ̀rọ kò ṣì wá lọ́nà. Ohun tí a gbé fún un kò ní májèlé, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ odindi dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín ìdí tí èyí fi léwu. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n aflatoxin tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kò fẹ́ kí oúnjẹ ajá àti ológbò kọjá ni máíkírógíráàmù 20 nínú kílò kan (ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù ló pé mílígíráàmù kan). Bí àpò kílò 20 bá dé ìwọ̀n yẹn, gbogbo májèlé tó wà nínú àpò náà kò tó ìdajì mílígíráàmù. Iyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí ìka yín nídìí ọbẹ̀ wúwo jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀, kò tàn káàkiri bí iyọ̀ ṣe ń tàn nínú ọbẹ̀. Hóró àgbàdo kan ṣoṣo lè gbé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹgbẹ̀rún tó yí i ká mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Màmá pe onímọ̀ májèlé kan tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko ní yunifásítì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo ń gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé kí bàbá dá oúnjẹ yẹn dúró lónìí, kí á má dúró de èsì kankan. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, n kò sì ronú kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣé wọ́n ń fi oògùn eku sínú ọgbà yẹn? Ìgbẹ́ dúdú, ẹ̀jẹ̀ ni. Oògùn eku kan wà tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n fún wọn ní oògùn kankan láìpẹ́? Ajá mélòó ló wà lápapọ̀, mélòó ni kò ṣàìsàn, kí sì ni àwọn yẹn ń jẹ?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló là mí lójú. Ajá mẹ́wàá ló wà nínú ọgbà. Mẹ́jọ ń jẹ nínú dúrọ́ọ̀mù, gbogbo mẹ́jọ ló ṣàìsàn. Méjì ń fọ́mọ lọ́mú, ìyàwó bàbá ló ń se ìrẹsì àti ẹja fún àwọn yẹn lọ́tọ̀, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn wà, omi kan náà ni wọ́n ń mu. Ọ̀rọ̀ ajá méjì yẹn ju ìwé èsì mi lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mi ò béèrè ni.

A bá bàbá lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A mú irin oníhò ẹlẹ́nu ṣóńṣó dání, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ọkà ní ọjà Bódìjà fi ń gún àpò láti wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀bá ògiri ni dúrọ́ọ̀mù wà, níbi tí òjò ti ń jò. Òkè gbẹ, ó ń run ẹja bó ṣe yẹ. Nígbà tí irin dé ìsàlẹ̀, ó há. Oúnjẹ ibẹ̀ ti dì mọ́ra bí ẹ̀bà àná, òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde lára rẹ̀, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì ti bu. A gún un níbi púpọ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, títí a fi ní bíi kílò márùn-ún. Inú àpò bébà la kó èyí tó gbẹ sí, nítorí náílọ́ọ̀nù máa ń mú ooru àti omi mọ́ra, olú á sì máa hù sí i lọ́nà kí ẹ tó dé láàbù. Èyí tó tutù lọ tààrà sínú kúlà oníyìnyín. Ní láàbù, gbogbo rẹ̀ la lọ̀ pọ̀ kí a tó wọn èyí tí a ó lò.

Ọ̀kan nínú ajá méjì tó kú kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Dókítà ẹranko tó bá wa lọ là á, ó sì pín ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sí méjì. Ìdá kan wọ inú formalin, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, fún ẹni tó máa wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, ìdá kejì wọ fìrísà fún ìwádìí májèlé. Bí ẹ bá ki gbogbo rẹ̀ bọ formalin, ẹ ti ba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Aflatoxin ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn náà, mo sì ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ahọ́n tọ́ ọkà wò.

Èsì ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ju 20 lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ẹ̀dọ̀ náà sọ ohun kan náà. Wọ́n tọ́jú ajá méjì tó kù, wọ́n yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá béèrè ẹni tó jẹ̀bi, bóyá ilé ìlọkà ló ta ọkà burúkú fún òun ni, àbí inú dúrọ́ọ̀mù ni olú ti hù, a kò lè dá a lóhùn. Àpò tí oúnjẹ ìsàlẹ̀ yẹn ti jáde, ó ti fi dáná. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń sin ẹranko pé kí ó tọ́jú àpò pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, kí ó sì kọ ọjọ́ tó rà á sí i, títí oúnjẹ inú rẹ̀ á fi tán tí ẹranko á sì wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwádìí aflatoxin ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Amẹ́ríkà ní 2007. Ní March 16 ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ Menu Foods ti Kánádà pe oúnjẹ ajá àti ológbò tó ju 60 mílíọ̀nù agolo àti àpò kékeré lọ padà, nítorí kíndìnrín àwọn ẹranko ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wá májèlé. Ní March 23, wọ́n kéde ní New York pé àwọn ti rí aminopterin, èròjà tí wọ́n fi ń pa eku láwọn orílẹ̀-èdè kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní March 30, FDA ní àwọn kò rí aminopterin. Melamine làwọn rí, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àwo àti tíréè tí kì í fọ́. Inú ìyẹ̀fun purotéènì àlìkámà tó wá láti Ṣáínà ló wà.

Báwo ni melamine ṣe dé inú oúnjẹ? Ẹ fetí sí ibí yìí, nítorí àyẹ̀wò tí èmi àtẹ̀yin ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fi rẹ́ni jẹ. Àyẹ̀wò Kjeldahl tí a fi ń mọ iye purotéènì kì í wo purotéènì fúnra rẹ̀. Náítírójìn ló ń kà, àwa la wá ń fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Melamine, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ náítírójìn. Ẹni tó bá dà á sínú ìyẹ̀fun tí kò ní láárí, ìwé èsì á sọ pé purotéènì rẹ̀ pọ̀. Onítọ̀hún mọ ìbéèrè tí a máa ń béèrè, ó sì ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Melamine nìkan kò le tó bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń ṣe kàyéfì nípa bó ṣe lè pa ẹranko. Inú kíndìnrín àwọn tó kú ni wọ́n ti rí òkúta wínníwínní tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tó wà ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà ló da melamine àti cyanuric acid, èròjà mìíràn tí wọ́n rí nínú oúnjẹ náà, pọ̀ mọ́ ìtọ̀ ológbò, òkúta kan náà sì dì níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń la òkú ẹranko, ẹni tó mọ kẹ́mísìrì, àti ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló jọ já a. Ẹnì kan nínú wọn kò lè dá a já.

Ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ní 2008, melamine yìí kan náà wọ inú mílíìkì ọmọ ọwọ́ ní Ṣáínà. Ọmọ bíi 300,000 ló ṣàìsàn, mẹ́fà kú. Aflatoxin fúnra rẹ̀, tòlótòló ló kọ́kọ́ fi hàn wá: ní 1960, ó ju 100,000 tòlótòló lọ tó kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò mọ ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n ń pè é ní àìsàn X, kí wọ́n tó tọpasẹ̀ rẹ̀ dé èérí ẹ̀pà tó wá láti Brazil. Ní 2004, àgbàdo tó ní aflatoxin pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní ajá lásán ni, ẹ má dá a lóhùn.

Ní ti pé kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ kí ẹ tó pe. "Ẹ káàárọ̀ sà, ajá ń kú, kí la lè ṣe?" kì í ṣe ìbéèrè tí onímọ̀ lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó jẹ ẹ́, iye tí kò jẹ ẹ́, oògùn àti majele tó wà nílé, ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò àti bí ẹ ṣe bù ú. Ẹ má sì sọ fún láàbù kankan pé kí wọ́n wo "gbogbo májèlé". Kò sí ẹ̀rọ tó ń wo gbogbo májèlé. Òjé ní tirẹ̀, oògùn kòkòrò ní tirẹ̀, aflatoxin ní tirẹ̀; nígbà mìíràn ohun rere tó pọ̀ jù ni, bí fítámì D tó pọ̀ jù tí wọ́n fi pe oúnjẹ ajá inú agolo padà ní Amẹ́ríkà ní 2019. Àwọn kan nínú yín ti ra tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ aró (UV), wọ́n ń tan án sí àgbàdo láti wá aflatoxin. Ohun tó ń dán níbẹ̀, nǹkan mìíràn tí olú náà ń ṣe ni, kì í ṣe aflatoxin fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi fura. Ẹ má fi kọ èsì.

Lójú èmi, gbólóhùn tó wúlò jù nínú ìwé èsì tí mo ń kọ lónìí wà nísàlẹ̀ pátápátá: èsì yìí kan sáńpù tí a gbé wá fún wa nìkan. Mo sì máa ń kà á sókè fún ẹni tó bá wá gbà á kí n tó fi ìwé lé e lọ́wọ́.

Ìdá kan tó ṣẹ́kù lára ẹ̀dọ̀ ajá ọjọ́ yẹn ṣì wà ní ìpele ìsàlẹ̀ fìrísà wa, nínú ike kékeré. Mo ti pààrọ̀ lébẹ́lì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí tádàwá rẹ̀ ń parẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ń tún fìrísà yẹn tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹnì kan lè béèrè ohun tí èmi kò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè.