Mo fẹ́ dán bọ́nẹ́ẹ̀tì bàámi

Ẹ gbà mí o, apá mi fẹ́ já. Ṣé ẹ mọ Peugeot 504 pupa bàámi tó wà nínú àgbàlá wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, oòrùn ti jẹ ẹ́ débi pé ó rí bí ohun tí wọ́n fi eérú kùn, lèmi náà bá ní mi ò gbé e fún akunmọ́tò kankan, mo lọ ra sáńpépà 2000, èyí tó kúnná dáadáa, àti pọ́líìṣì lọ́jà Ouando, mo rẹ sáńpépà sómi ọṣẹ, mo ń fi ra bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tó kan pọ́líìṣì, àkísà mi pọ́n ròrò! Àyà mi já, mo rò pé mo ti bó mọ́tò onímọ́tò sí ìhòòhò. Àṣé ọ̀dà ayé àtijọ́ tí kò ní fánísì (ọ̀dà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo àwọ̀) lórí ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kun mọ́tò ló sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n ní kí n kúrò lóòrùn kíá, tí irin bá gbóná pọ́líìṣì á gbẹ mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ jù, apá ọ̀tún bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ní àbààwọ́n. Àmọ́ apá òsì, háà, mo ń rí eyín mi nínú ẹ̀!

Bàámi jáde, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"