Bí mo ṣe gbé ẹ́ńjìnnì RB26 sínú mọ́dẹ́ẹ̀lì Fairlady Z tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 17

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lára mọ́dẹ́ẹ̀lì mọ́tò (mọ́tò kékeré onike tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀) tí wọ́n bá ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni sàlẹ́ńsà. Kì í ṣe ọ̀dà, kì í ṣe rímù. Màá yí mọ́tò náà dojú dé, màá wá ibi tí páìpù èéfín ti jáde lára ẹ́ńjìnnì, màá sì tọ̀ ọ́ lọ títí dé ẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà kì í já. Ẹ́ńjìnnì tuntun tó rẹwà ló wà lókè, páìpù ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló ṣì wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì pàdé níbì kankan. Ó máa ń dùn mí. Ẹni tó jókòó gé ike lóru, tó ha á, tó kùn ún títí tó fi ń dán, ó yẹ kí mọ́tò rẹ̀ lè sítáàtì lójú ẹni tó bá ń wò ó.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò kékeré ló kù. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni Nissan Fairlady Z, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní S30, tó jáde ní 1969, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Datsun 240Z. Ìwọ̀n 1/24 ni: mọ́tò gidi gùn ní mítà mẹ́rin àti díẹ̀, tèmi ò ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Ẹ́ńjìnnì tí mo gbé sí i ni RB26DETT, èyí tó bá mọ́tò Nissan mìíràn, Skyline GT-R R32, jáde ní 1989. Píṣítìn mẹ́fà lórí ìlà kan, 2,568 síísíì, tọ́bò méjì (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì). Agbára ẹṣin 280 ni Nissan kọ sínú ìwé, torí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Jàpáànì ti jọ fẹnu kò nígbà náà pé àwọn ò ní polówó ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì yẹn ló mọ̀ pé agbára tó wà nínú rẹ̀ ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé V8 Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì píṣítìn mẹ́jọ, sí i, torí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n Z àti Skyline GT-R ti jọ pín ẹ́ńjìnnì rí. Ní 1969 yẹn gan-an, Nissan mú S20, ẹ́ńjìnnì Skyline GT-R ìgbà yẹn, wọ́n gbé e sínú Z, wọ́n sì pe mọ́tò náà ní Z432: fáàfù mẹ́rin fún píṣítìn kọ̀ọ̀kan, kabúrétọ̀ mẹ́ta, káàmù méjì, ìyẹn ni 4, 3, 2 inú orúkọ rẹ̀. Bí èmi náà ṣe wá mú ẹ́ńjìnnì GT-R tó dé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, tí mo gbé e sínú Z, ọ̀nà tí Nissan fúnra wọn ti là sílẹ̀ ni mo tọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbí, ta ni kò mọ pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì? Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ń ti Ládípọ̀ ní Mushin wá sí Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ìbéèrè tí ọ̀gá mẹ́káníìkì máa ń bi ẹni tó fẹ́ lọ rà á náà ni mo ń bi mọ́dẹ́ẹ̀lì mi. Ṣé gíà bọ́ọ̀sì bá a wá? Ṣé sítìn ẹ́ńjìnnì máa bá sésì mu? Omi ńkọ́? Brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ńkọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí ò yí padà nítorí pé mọ́tò kéré.

Páálí Z tí mo rà, tí wọ́n kó àwọn ike mọ́dẹ́ẹ̀lì náà sí, kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. (Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester ló ń bá mi kó páálí wálé. Ìpínlẹ̀ Shizuoka ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, torí ibẹ̀ ni Tamiya, Hasegawa, Fujimi àti Aoshima wà. Iṣẹ́ pákó ni Tamiya fi bẹ̀rẹ̀ ní 1946, kí wọ́n tó bọ́ sídìí ike.) Bọ́nẹ́ẹ̀tì Z náà àti ara rẹ̀, ike kan ṣoṣo ni. Tí ẹ bá wo abẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yà mọ́ sésì, àmọ́ kò sí nǹkan kan lókè. Gígé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, nìyẹn.

Bí mo ṣe ń gé bọ́nẹ́ẹ̀tì rèé. Mo lẹ téèpù líle mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà tó yí i ká, kí ọwọ́ mi má baà yà. Mo wá ń fi ẹ̀yìn abẹ, kì í ṣe ojú rẹ̀, wọ́ orí ìlà náà láìtẹ̀ ẹ́. Ojú abẹ máa ń là wọ inú ike lọ síbi tó wù ú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ha á ni, èérún ike á sì máa ká jáde díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti wọ́ ọ títí, màá gbé e síwájú iná. Ibi tó bá ti ń fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibẹ̀ yọ, màá sì mọ ibi tó kù. Igun iwájú, níbi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì Z ti sọ̀ kalẹ̀ sáàárín iná méjèèjì, ibẹ̀ ló le jù, torí ìlà ń ṣẹ́ kọ́nà níbẹ̀, ike sì nípọn. Mo lu ihò tíńtín kan síbẹ̀, mo ki òwú ìránṣọ tó lágbára bọ̀ ọ́, mo sì sọ ọ́ di ayùn: mo ń fà á síwá, mo ń fà á sẹ́yìn, títí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi já sílẹ̀ lódindi.

Gígé nìkan kọ́. Àlàfo mìlímítà kan lára mọ́dẹ́ẹ̀lì, mìlímítà 24 ni lára mọ́tò gidi. Ìka á wọ ibẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Nítorí náà mo lẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì ń fi sánpépà ha á títí àlàfo náà fi ku ìdámẹ́rin mìlímítà.

RB26 tí mo rà, ẹ̀rọ 3D ni wọ́n fi ṣe é, ó sì péye. Ó péye débi pé ó ní ohun tí Z kò nílò. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí lára Skyline GT-R, nítorí náà difurẹ́ńṣà iwájú (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì) lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹpù ọ́ìlì (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì), ṣáàfùtì kan sì la inú sọ́ǹpù náà kọjá lọ bá táyà òdìkejì. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni Z ń lò. Àwọn tó ń ṣe é lára mọ́tò gidi máa ń tú sọ́ǹpù GT-R yẹn dànù, wọ́n á fi ti RB tó ń yí táyà ẹ̀yìn nìkan rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ RB25, ẹ́ńjìnnì RB mìíràn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Mo gé sọ́ǹpù náà kúrò pátápátá, mo fi ike pẹlẹbẹ ṣe òmíràn, mo ha á, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gíà bọ́ọ̀sì GT-R náà ní àpótí kan lẹ́yìn tó ń pín agbára fún táyà iwájú; mo gé ìyẹn náà. Ẹni tí kò bá yí mọ́tò dojú dé kò ní rí i láé. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé èmi máa ń yí mọ́tò dojú dé.

Difurẹ́ńṣà ẹ̀yìn ńkọ́? R180 ló bá 240Z jáde. R200 ni àwọn tó ń gbé RB sí i sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀ kó lè gba agbára náà. Fífẹ̀ irin onéyín ńlá inú rẹ̀ ní mìlímítà ni nọ́ńbà yẹn. Ní 1/24, 7.5 ni èkíní, 8.3 ni èkejì. Ìyàtọ̀ wọn ò tó mìlímítà kan. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀.

Apá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì ló gba èrò mi jù. Ẹ́ńjìnnì L tó wà nínú Z láti ilé iṣẹ́, òsì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òsì náà ni èéfín ń gbà jáde. RB26 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba òsì wọlé, àmọ́ ọ̀tún ni tọ́bò méjèèjì wà, ọ̀tún ni èéfín ń gbà. Z tèmi, ti Jàpáànì ni, sítíárín rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ wá wò ó: ọ̀pá sítíárín ń ti ara ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú mọ́tò bọ̀ wá síwájú, bùùsítà bíréèkì jókòó sókè rẹ̀, tọ́bò méjì tó ń gbóná bí iná alágbẹ̀dẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ń sá nìyí. Wọ́n á gé ọ̀pá sítíárín kúrò, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo gbé e lọ han ọ̀gá mẹ́káníìkì kan tó wà lódìkejì ọ̀nà, àgbàlagbà tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí mi. Ó nu ọwọ́ kó tó gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀.

"Omi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, Ọ̀gá. Rédíétọ̀ ni mi ò tíì gbé wọlé."

"Àbúrò, tọ́bò yìí ti sún mọ́ sítíárín jù."

"Ibẹ̀ ni Nissan fi í sí, sà. Skyline náà, ọ̀tún ni sítíárín rẹ̀ wà."

"Mo gbọ́. Ti Skyline, wọ́n ti fàyè sílẹ̀ fún un kí wọ́n tó kan mọ́tò. Èyí ò láyè. Wá páànù fẹ́lẹ́ kan, kó o fi dábùú àárín wọn, kí ooru má baà jẹ rọ́bà ibẹ̀."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju kó yìn mí lọ, torí ó ti ń bá mọ́tò náà sọ̀rọ̀ bí èyí tó máa rìn. Mo gé páànù náà lára agolo mọ́ọ̀tì, torí ó fẹ́lẹ́ débi pé èékánná lè tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ara ẹ́ńjìnnì, mo sì lu ihò nọ́ọ̀tì méjì sí i lókè. Páìpù èéfín wá ń ti abẹ́ tọ́bò sọ̀ kalẹ̀ lọ́tùn-ún, ó gba ẹ̀gbẹ́ gíà bọ́ọ̀sì, ó sì lọ tààrà sẹ́yìn. Páìpù íńṣì mẹ́ta ni mo fojú sùn, ìyẹn mìlímítà 76, tó di 3.2 lára mọ́dẹ́ẹ̀lì. Léèdì nínípọn tí àwọn tó ń jó rédíétọ̀ ń lò ni mo fi ṣe é, torí ó ń tẹ̀ síbi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí, kì í sì padà.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun wá ràn mí lọ́wọ́ nídìí wáyà. Wáyà jọ́ńpà tí a fi ń so ojú ọ̀nà iná tó já lórí bọ́ọ̀dù fóònù, ìdámẹ́wàá mìlímítà ló nípọn. Tí ẹ bá sọ ọ́ dìlọ́po 24, mìlímítà 2.4 ni, tí í ṣe sísanra wáyà sẹ́ńsọ̀ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe to wáyà plọ́ọ̀gì gígùn mẹ́fà sórí RB26. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó dára. Ẹ́ńjìnnì L ló ń lo ìyẹn. Ti RB26, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jókòó sórí plọ́ọ̀gì tirẹ̀ lábẹ́ ìbòrí àárín. Ohun tó yẹ kí ojú rí ni ìdì wáyà tó ń gba ẹ̀yìn ìbòrí náà lọ sí ígínítà (ẹ̀rọ tó ń darí iná kọ́ìlì), tó sì wọ inú ògiri lọ bá brain box. Mo lọ́ wáyà jọ́ńpà mélòó kan pọ̀, mo fi téèpù dúdú tí mo gé tín-ín-rín wé e, bí rewáyà ṣe ń wé e.

Ihò wẹẹrẹ tó wà lójú rédíétọ̀ àti intákúlà (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù)? Nẹ́ẹ̀tì tó ń bo ẹnu sípíkà fóònù ni. Fóònù tó ti kú pátápátá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nẹ́ẹ̀tì wọn sì wẹ́ gan-an. Páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti tọ́bò lọ sí intákúlà níwájú, tó sì ń gbé e padà sí apá òsì, mo fi sí 2.6 mìlímítà, ti hóòsì rédíétọ̀, 1.6. Kílípù wọn, téèpù onífadákà tí mo gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni.

Ọ̀dà mọ́tò gidi ni mo fi kùn ún, torí òun ló rọrùn láti rí níbí. Ẹ ṣọ́ra fún tínà rẹ̀ ṣá o, ó ń jẹ ike. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ẹ fọ́n ọ̀dà bí ìrì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fọ́n ọn. Àwọ̀ ọsàn ni mo yàn, inú ibi tí ẹ́ńjìnnì wà náà sì gba ọ̀dà kan náà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kun Z nígbà yẹn. Ìbòrí orí RB26 dúdú. Ó hàn kedere láàárín àwọ̀ ọsàn yẹn, mi ò sì ní parọ́, ó wù mí púpọ̀.

Ó ku ibi kan tí mo ṣì ń rò ó: ojúpọ̀ ọ̀pá sítíárín, níbi tó ti ń tẹ̀ kọjá lábẹ́ tọ́bò ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní fọ́tò abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Z gidi tó ní RB26 nínú, tí sítíárín rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kí wọ́n yà á láti ìsàlẹ̀, bó bá ṣeé ṣe.