Íńtákọ̀mù nínú àṣíborí èmi àti Ìyá Ìbejì

Íńtákọ̀mù ni ẹ̀rọ tí èmi àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti inú àṣíborí lórí alùpùpù. Ihò etí ni gbogbo iṣẹ́ fífi í sínú àṣíborí dá lé. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́, torí pé bí èmi àtàwọn tá a jọ ń gun alùpùpù bá ń sọ̀rọ̀ nípa íńtákọ̀mù, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí: ṣé Cardo ni kí àwọn rà ni àbí Sena, àbí irú èyí tí kò wọ́n tó ń ti Ṣáínà wá. Bí ẹ bá ra èyí tó wọ́n jù nínú wọn, tí sípíkà rẹ̀ kò kọjú sí ihò etí yín gan-an, ẹ̀fúùfù ni ẹ ó máa gbọ́ láti Ìwó Road n'Ìbàdàn títí dé Ilé-Ifẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tó jókòó síbi tó yẹ, á máa sọ̀rọ̀ ketekete.

Ọ̀nà Ifẹ̀ yẹn ló jẹ́ ká wá íńtákọ̀mù. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ìyàwó mi ń gbé, a sì fẹ́ràn ká gbéra láàárọ̀ Sátidé, ká kọjá Aṣéjìrè, ká yà ní Ìkirè láti ra dòdò fún wọn. Tẹ́lẹ̀, èjìká mi ni Ìyá Ìbejì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, túrélà ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn; bó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ ká dúró. Àmọ́ níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á bà mí léjìká, mi ò sì ní mọ̀ bóyá ó ń pè mí ni àbí kòtò ló jù ú síwájú. Kó pariwo ńkọ́? Àṣíborí méjì ló wà láàárín wa, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yì.

Ẹ̀yin náà á ti rí àwọn ọlọ́kadà àtàwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù fún oníbàárà, tí wọ́n máa ń ki fóònù bọ àárín etí àti àṣíborí kí wọ́n lè máa dáhùn ìpè. Mo mọ ohun tó fà á, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣubú, irin àti gíláàsì ló máa kọ́kọ́ kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, fóònù náà á sì ti ti àṣíborí sápá kan kúrò níbi tó yẹ kó wà. Lọ́dún 2009, nígbà tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Títí dòní, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń dé àṣíborí torí àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó nìkan. Ó ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹni tó ti ná owó gidi lórí àṣíborí tún wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ torí íńtákọ̀mù.

Bí wọ́n sì ṣe ń bà á jẹ́ rèé. Lábẹ́ tìmùtìmù àṣíborí, fóòmù funfun líle kan wà níbẹ̀, EPS ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é, òun náà ni wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Òun ló ń gba orí là. Bí orí bá kọlu ilẹ̀, fóòmù yẹn á rún mọ́ra, á sì fi bẹ́ẹ̀ gba agbára ìkọlù náà kó tó dé ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó bá ti rún, kì í wú padà mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò alùpùpù l'Ékòó ti yọ ọ̀bẹ láti gbẹ́ àyè sípíkà sí i fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ báyìí ni, kò ní hàn rárá." Mo gba àṣíborí mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ, ì báà ṣe bí orí àtàǹpàkò. Ọ̀pọ̀ àṣíborí tó dára ti ní kòtò níbi etí láti ilé-iṣẹ́ wá. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó, torí pé sípíkà tó wọ́pọ̀ máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 40. Bí kòtò yín ò bá gbà á, èyí tó kéré tó sì fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wá.

Tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ bọ́. Bọ́tìnnì ló dì í mú, á dún pó, pó, á sì jáde. Ẹ fà á ní ìdí bọ́tìnnì, ẹ má fà á létí, kó má baà ya. Inú kòtò náà ni mo lẹ aṣọ onírun mọ́, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé, tó máa ń dún fàà bí wọ́n bá ń ṣí i. Mo fi sípíkà lé e fẹ́rẹ́, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo dá tìmùtìmù padà, mo dé àṣíborí, mo so ìdè rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, mo wá fi fújì sí i, torí pé ìlù rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ tó kì. Mo ti ìka bọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń sún sípíkà díẹ̀díẹ̀. Bó bá kúrò níbi ihò etí, ìlù á tín-ín-rín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa kù. Bó bá padà síbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á kún etí lójijì. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò ju ìbú ìka kan lọ. Kòtò inú fóòmù máa ń tóbi ju sípíkà lọ, ojú á sì sọ fún wa pé àárín kòtò ni àárín etí. Ti èmi, ìsàlẹ̀ níwájú ló bọ́ sí, ti ọ̀tún àti ti òsì kò sì dọ́gba. Bí etí bá ṣì jìnnà sí i, fóòmù rírọ̀ pẹlẹbẹ máa ń bá a wá nínú páálí, ẹ tì í sẹ́yìn sípíkà kó lè sún mọ́ etí. Kó kàn fara kan etí ni, kó má tẹ̀ ẹ́.

Ti Ìyá Ìbejì gba sùúrù ju tèmi lọ, irun ló fà á. Bó bá di ṣùkú, irun tó ga láàárín orí á gbé àṣíborí sókè, sípíkà á sì bá a gòkè kúrò níbi etí. Bó bá di kòlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́, àṣíborí á wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti sípíkà, torí pé àṣíborí tó lé téńté sórí irun lè ṣí kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. A jọ fẹnu kò pé kòlẹ́sẹ̀ ni fún ìrìn-àjò alùpùpù. Kòlẹ́sẹ̀ náà ló dì lọ́jọ́ tí mo wá ibi etí rẹ̀. Yẹtí gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ á máa gún un lẹ́yìn etí ká tó dé Ìkirè.

Nínú wáyà sípíkà méjèèjì, èyí tó gùn jù ló ń gba ẹ̀yìn ọrùn kọjá sí apá kejì. Ẹ tì í sábẹ́ tìmùtìmù, kó má lọ́ pọ̀ sójú kan, torí pé kókó wáyà á máa yún èèyàn lẹ́yìn ọrùn. Àwọn àṣíborí kan ní okùn pupa lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọn tó bá fẹ́ yọ ẹni tó fara pa ló wà fún: wọ́n á fà á, tìmùtìmù á jáde, wọ́n á sì bọ́ àṣíborí láìyí ọrùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wáyà kankan dí okùn yẹn lọ́nà. Màíkì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú àgbọ̀n ni àwa méjèèjì lò, torí pé àṣíborí wa bo ojú tán. Iwájú ẹnu gan-an ni kó wà, ẹ sì wo àmì ara rẹ̀ kí ẹ lè mọ ojú tó yẹ kó kọ sí ẹnu.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń bẹ lápá òsì lóde, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún alùpùpù níná. Èyí tó ní ìdè onísúkúrúù ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ etí àṣíborí Ìyá Ìbejì nípọn jù fún un, gáàmù la lò. Mo fi spírítì nu ojú ibẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, mi ò sì gbé ẹ̀rọ kọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Irú gáàmù bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó dì pátápátá.

Ohun tó ya Ìyá Ìbejì lẹ́nu jù ni ìdí etí, ìyẹn fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí ihò etí. Ariwo afẹ́fẹ́ nínú àṣíborí lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lè tó 100 dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, sì sọ pé ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ni kí etí fara da irú ariwo bẹ́ẹ̀ mọ. Ìdí etí á gé ẹ̀fúùfù yẹn kù, ẹ ó sì lè ṣí ohùn íńtákọ̀mù díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á wá mọ́ gaara. "Bàbá Ìbejì, túrélà yẹn ti fẹ́ yà wá o, ẹ jẹ́ kó lọ." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn lẹ́yìn afárá Aṣéjìrè, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé a jọ jókòó ní pálọ̀. Mo sún sọ́tùn-ún, túrélà kọjá.

Lásìkò òjò, ẹ rí i pé rọ́bà tó bo ojú ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí bátìrì ẹ̀rọ náà dé dáadáa, ẹ má sì fi iná sí i nígbà tó bá ṣì tutù. Àbúrò ìyàwó mi ti gbé àṣíborí tirẹ̀ wá báyìí. Tirẹ̀ ṣí níwájú, màíkì tó ní ọ̀pá gígùn ló máa lò, gáàmù ni wọ́n sì fi lẹ tìmùtìmù rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kò ní bọ́tìnnì kankan. Mo ṣì ń wá ibi tí màá gbé wáyà gbà láìfa aṣọ inú rẹ̀ ya.